Àgbàlá Funfun Suara Dàwódù

Suara Dàwódù ń ṣòwò obì ní Agége, ó sì ní àgbàlá sìmẹ́ńtì. Ó ti kú báyìí. Tí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá jókòó pọ̀, ọ̀rọ̀ sùtánà Ọlọ́runníyì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́runníyì ni aládùúgbò rẹ̀. Káfíńtà ni, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Ògiri kúkúrú kan ló wà láàárín àgbàlá àwọn méjèèjì. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ní nǹkan bí ọdún 1955, ìyàwó Ọlọ́runníyì fọ sùtánà funfun ọkọ rẹ̀, ó sá a sórí okùn fún ìsìn ọjọ́ kejì. Òwúrọ̀ yẹn kan náà ni Suara tan ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láti fi fọ àgbàlá.

Ẹ̀rọ náà bú ramúramù. Omi jáde lẹ́nu róbà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó lu ilẹ̀, ó tú ìdọ̀tí obì tó ti wọ inú sìmẹ́ńtì láti ọdún yìí wá, ó sì gbé e fò kọjá ògiri. Suara kò wo ibi tó ń lọ. Ohun tó rí ni pé ilẹ̀ ń funfun. Inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin.

Ọlọ́runníyì yọ orí lókè ògiri.

"Bàbá Wahab! Ẹ pa á! Ẹ pa nǹkan yẹn!"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní kí ẹ pa á!"

Suara pa ẹ̀rọ. "Ẹ káàárọ̀ o, alàgbà."

Ọlọ́runníyì fa aṣọ kan yọ lórí okùn. Ó gbé sùtánà rẹ̀ sókè. Tótòtó pupa ti bò ó láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó dà bí ìyẹ́ ẹyẹ awó.

Suara wo aṣọ náà. Ó wo ilẹ̀ tirẹ̀. Ó tún wo aṣọ.

"Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́?" ó ní. "Gbogbo ìdọ̀tí tó wà lọ́dọ̀ mi ló ti kó jáde."

"Ọ̀dọ̀ mi ló kó wá!"

"Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi. Mo kàn ní kó jáde ni. N kò bá a sọ ibi tó máa lọ."

Àbàwọ́n obì kì í kúrò lára aṣọ funfun. Ìyàwó Ọlọ́runníyì fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, ó sá a sí oòrùn. Àbàwọ́n náà tún wá mọ́ kedere sí i. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Ọlọ́runníyì wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ilé Suara ni òun ń gbé. Kò sí ẹni tó tún béèrè nǹkan mìíràn.

Suara ra aṣọ funfun tuntun fún un. Ó ní kì í ṣe ìtanràn o, ẹ̀bùn ni, àti pé òun ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Bó ṣe rí nìyẹn. Suara kì í ṣe àṣìṣe. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí.

Sìmẹ́ńtì yẹn gan-an ló fa gbogbo rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ lásán ni àgbàlá Suara, bíi ti gbogbo ènìyàn. Àwọn obìnrin máa ń jókòó síbẹ̀ bó èèpo ara obì, wọ́n á ṣan obì náà, wọ́n á fi ewé wé e sínú apẹ̀rẹ̀, yóò sì bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kano. Ní ọjọ́ kan, Suara lọ sí Ìkẹjà, ó rí iwájú ilé àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n dà síbẹ̀. Ó padà wálé, ó ní sìmẹ́ńtì ni òun náà ń fẹ́.

Fàúsát ìyàwó rẹ̀ wo ojú ọ̀run, ó wo ilẹ̀.

"Bàbá Wahab, ibí yìí á máa yọ̀ lójò."

"Sìmẹ́ńtì? Òkúta ni sìmẹ́ńtì. Òkúta kì í yọ̀."

"Òkúta etí odò ńkọ́?"

Suara ti dìde. Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa Fàúsát. Òun ló mọ obì nínú ilé yẹn. Obì tó bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣà, kì í jẹrà kó tó dé Kano. Ọ̀rọ̀ ni Suara mọ̀ ọ́n sọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jẹ́ kí àwọn oníbàárà rò pé òun ló ṣà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, sìmẹ́ńtì náà dára. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó. Lẹ́yìn náà ni omi obì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ó kọ́kọ́ dà bí omi tíì, ó wá pọ́n, ó wá dúdú. Nígbà tí òjò pọ̀, ohun kan tó ní àwọ̀ ewé hù sórí dúdú náà, lẹ́bàá ògiri níbi tí oòrùn kì í dé. Ó ń yọ̀ bí ilá. Suara rí i. Ó ní ó bá ilé mu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, Fàúsát gbé apẹ̀rẹ̀ obì lérí, ó ń kọjá lẹ́bàá ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Obì fọ́n ká gbogbo àgbàlá. Fàúsát ṣubú, ó fi ọwọ́ tẹlẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ.

Suara sáré jáde. Ó rí ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Bàtà tó o wọ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ lásán ni mo wà, Bàbá Wahab," ni Fàúsát wí látorí ilẹ̀.

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Wọ́n fi igi pẹlẹbẹ di ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó di ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó ní Onígbòǹgbò ni òun ń lọ, sọ́dọ̀ Ọmọ́bọ́láńlé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin.

"Títí di ìgbà wo?" Suara béèrè.

"Títí ilẹ̀ yẹn ò fi ní yọ̀ mọ́. Tí ẹ ó sì fi ẹnu ara yín sọ ohun tí mo sọ fún yín kí ẹ tó pe bíríkìlà."

Suara gbọ́ ti àkọ́kọ́. Kò gbọ́ ti ìkejì. Tàbí kó jẹ́ pé ó gbọ́.

Wahab, ọmọ wọn, ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà. Suara nìkan ló kù nílé. Gàrí ló ń jẹ láàárọ̀, gàrí ló ń jẹ lálẹ́. Àwọn obìnrin tó ń bó obì máa ń wá béèrè pé, "Ìyá Wahab dà? Ìgbà obì ń bọ̀ o." Suara á ní ó lọ sinmi, òun lòun ní kó lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè.

Ó lè bẹ ènìyàn pé kí wọ́n wá bá a fọ̀ ọ́. Ó lè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i tó ń fọ ilẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní àléébù. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, ọ̀làjú nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀rọ ló ń wá.

Èyí tó kọ́kọ́ gbé wálé jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní oko kòkó lọ́nà Ọ̀tà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí kòkó ni, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e kọ́. Suara pọn ọ́n, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń fi èkejì mú ẹnu rẹ̀. Omi jáde bí ìrì. Ó fọ́n ọn títí oòrùn fi mú. Ilẹ̀ kàn tutù ni.

"Eléyìí ò fọ nǹkan kan," ó ní. "Ó ń sín ni."

Oògùn kòkó sì kù sí ìdí ẹ̀rọ náà. Igun kan àgbàlá di búlúù. Suara ní àwọ̀ búlúù wu òun ní igun yẹn.

Èkejì, àwọn panápaná ti pápá ọkọ̀ òfurufú ló lò ó gbó kí wọ́n tó tà á. Ó jẹ́ ọ̀pá irin kan tí wọ́n ń tì bọ inú garawa omi. Ẹnìkan á máa fà á sókè sódò, ẹnìkejì á di ẹnu róbà mú lọ́ọ̀ọ́kán. Suara nìkan ló wà níbẹ̀. Ó fà á, fà á, fà á, ó sáré lọ sí ẹnu róbà. Kó tó dé ibẹ̀, omi ti dá. Ó sáré padà. Ọlọ́runníyì gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ògiri, ó ń wò ó.

"Bàbá Wahab, ṣé kí n wá bá yín mú ọ̀kan?"

"Ẹ má ṣèyọnu." Suara ń mí hẹlẹ. "Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ ti ẹni méjì kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìgbéyàwó ni."

Ọlọ́runníyì gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò lórí ògiri. Suara gbé ọ̀pá náà kúrò nínú omi, kò sì tún lò ó mọ́.

Ẹ̀kẹta ló rí lọ́dọ̀ Gbénró, mẹkáníìkì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìkẹjà. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni, ó ní àgbá kẹ̀kẹ́ méjì lábẹ́, pẹtiróòlù ló ń mu. Ó máa ń fa omi láti inú dúrọ́ọ̀mù, á fi agbára tì í jáde lẹ́nu idẹ tó wà ní orí róbà. Gbénró fi ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ lọ́rì. Ariwo rẹ̀ ti sú u, ó fẹ́ tà á.

"Ṣé ó lè fọ ilẹ̀?" Suara béèrè.

"Bàbá, ohun tó ń fọ abẹ́ lọ́rì, kí ni ilẹ̀ jẹ́ sí i?"

"Jẹ́ kí n rí i."

Gbénró tan án, ó fọ abẹ́ lọ́rì kan mọ́ tónítóní.

"Lọ́rì nìyẹn," Suara ní. "Ilẹ̀ ni mo béèrè."

Gbénró fọ ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dọ̀tí. Ibi tí ọ́ìlì dà sí yẹn ńkọ́?"

Gbénró fọ ibi tí ọ́ìlì dà sí. Suara nawọ́ sí ògiri. Gbénró fọ ògiri. Suara ní ṣé ó lè fọ irin. Gbénró fọ gbogbo irin tó wà nílẹ̀. Suara rọra béèrè nípa ilé ìyàgbẹ́ tó wà lẹ́yìn. Gbénró wò ó, ó fa róbà lọ síbẹ̀, ó fọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n fi ṣe tán, ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ ju ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ lọ, Gbénró sì tutù láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti rí i. Ẹ dá iye kan lé e."

Suara yí ẹ̀rọ náà ká. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó yára fa ọwọ́ padà.

"Ó gbóná," ó ní. "Ẹ̀rọ yìí ti ṣiṣẹ́ jù."

"Bàbá!"

"Ojú mi kọ́ ni? Àtàárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn ti di àlòkù pátápátá. Iye àlòkù ni màá san."

"Nítorí yín ló ṣe ṣe é!"

"N ò bá ọ jiyàn nípa ẹni tó ṣe é fún. Mo ní ó ti gbó."

Gbénró bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sínú omi. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín yẹn ni Suara ti rà á.

Kí wọ́n tó gbé e sórí ọmọlanke, Gbénró fi ọwọ́ kan Suara léjìká.

"Ẹ gbọ́ o, bàbá. Ẹ má fi ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ jìnnà díẹ̀. Ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀, ẹ má dúró lójú kan. Kí ẹ sì wo ibi tí omi ń ta sí."

"Ṣé ilẹ̀ fífọ̀ lo fẹ́ kọ́ mi?"

"Rárá o, sà."

Ẹ ti gbọ́ nípa ibi tí omi ta sí. Ti ilẹ̀ ló kù. Suara rí ojú kan tó dúdú ju ìyókù lọ, ó sún mọ́ ọn, ó fi ẹnu idẹ náà kàn án, ó dúró tì í. Omi gé sìmẹ́ńtì. Ẹ̀rù bà á, ó fi ẹ̀yìn rìn, ó sì ń fa ẹnu idẹ náà tẹ̀lé ara rẹ̀. Ó fa ilà jínjìn kan láti àárín àgbàlá títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Kí lèyí?" Ọlọ́runníyì béèrè látorí ògiri. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ báyìí.

"Gọ́tà."

"Gọ́tà tó dojú kọ yàrá yín?"

"Mo ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀."

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Gọ́tà náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Suara gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sórí bíríkì.

Kànga kan ṣoṣo ni ilé méjèèjì ń lò. Ẹ̀rọ náà mu ún gbẹ. Ìyàwó Ọlọ́runníyì sọ korobá sísàlẹ̀, ó fa ẹrẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ kan jáde. Ọ̀pọ̀lọ́ náà wò ó bí ẹni pé òun ló fa gbogbo rẹ̀. Suara ní ó ti pẹ́ tí kànga náà ti yẹ ní fífọ̀.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́, àgbàlá náà mọ́. Ó funfun bí àwo tánganran. Bí oòrùn bá ràn sí i, ó ń dun ènìyàn lójú. Kò yọ̀ mọ́ níbì kankan. Suara fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín yí ká, ó wọ agbádá, ó sì mú ọ̀nà Onígbòǹgbò pọ̀n.

Ọmọ́bọ́láńlé ló ṣílẹ̀kùn. "Àna mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó." Ó bu omi fún un. Fàúsát jáde, wọ́n ti tú igi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilẹ̀ ti mọ́," Suara ní.

"Mo gbọ́. Wọ́n ní ẹ tún fọ aṣọ alàgbà."

"Kò yọ̀ mọ́ rárá. Bó o bá fẹ́, kó o sá eré lórí rẹ̀."

"Ó dára. Ìkejì ńkọ́?"

"Ìkejì wo?"

"Kí ló ń mú un yọ̀ tẹ́lẹ̀, Bàbá Wahab?"

Suara ronú. "Òjò," ó ní.

Ọmọ́bọ́láńlé gbójú sápá kan, ó ń fi ìborùn bo ẹnu. Fàúsát dìde, ó gbé ife omi tí Suara ti mu tán, ó wọlé lọ. Suara nìkan ló tún padà sí Agége.

Ìgbà obì wá dé. Ní Agége nígbà náà, àwọn Hausa tó ń ra obì máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní tésàn rélùwéè, wọ́n á máa yọjú wo àgbàlá kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í béèrè orúkọ. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ilẹ̀ tó bá dúdú, obì púpọ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá, ọjọ́ sì ti pẹ́. Ilẹ̀ tó bá mọ́, onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, tàbí kò rí obì rà. Gbogbo ènìyàn ló mọ èyí. Suara náà mọ̀ ọ́n. Kò kàn rántí rẹ̀ ni lọ́jọ́ tó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé yọjú wo àgbàlá funfun náà, wọ́n sì kọjá lọ. Suara ń ki wọn, wọ́n ń dáhùn, wọ́n ń lọ. Ní ọjọ́ kan, Màláàmù Tanko dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Oníbàárà Suara tòótọ́ ni, ọdọọdún ló ń bá a rajà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó dúró. Ó bọ́ bàtà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ náà bọ́ bàtà. Ó rọra béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí pé ṣé wọ́n ti kírun Alásárì.

Suara jáde. "Màláàmù! Èmi ni! Suara!"

Màláàmù Tanko wò ó, ó wo ilẹ̀. "Suara? Àní mo rò pé o ti ta ilé fún mọ́ṣáláṣí."

"Mo fọ̀ ọ́ ni."

"O fi obì sílẹ̀?"

"N ò fi sílẹ̀. Ẹ wá wò ó."

Màláàmù wọlé, kò wọ bàtà rẹ̀ síbẹ̀. Suara ṣí apẹ̀rẹ̀ fún un. Màláàmù mú obì kan, ó yí i, ó fi èékánná ṣí i. Kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ó mú òmíràn.

"Ta ló ṣà á?"

"Èmi ni."

Màláàmù rọra dá obì náà padà sínú ewé, ó bò ó bí ẹni ń bo ọmọ tó sùn. "Ìyá Wahab dà?"

Suara kò tún sọ pé ó lọ sinmi mọ́. Ó kàn ń wo ọ̀nà Onígbòǹgbò.

"Ọkọ̀ ojú irin wa ń lọ lọ́la," ni Màláàmù wí. "Bí Ìyá Wahab bá dé kí ọkọ̀ tó lọ, ránṣẹ́ sí mi ní tésàn. Ilẹ̀ rẹ dára o. Ṣùgbọ́n wallahi, n kò lè gbé ilẹ̀ lọ sí Kano."

Suara kò wọ agbádá lọ́tẹ̀ yìí. Bùbá tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló wọ̀ dé Onígbòǹgbò. Fàúsát àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó níta, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Suara dúró.

"Ilẹ̀ yẹn," ó ní.

"Ilẹ̀ wo?"

"Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì."

"Kí ló ṣe é?"

"O sọ ọ́."

"Kí ni mo sọ?"

Suara wo Ọmọ́bọ́láńlé, bóyá yóò dìde fún wọn. Ọmọ́bọ́láńlé kò dìde.

"Àna mi, ẹ má wò mí," ó ní. "Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ."

Suara nu ojú. "O ní á máa yọ̀ lójò. Mo ní kò ní yọ̀. Ó yọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe bàtà."

Fàúsát gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀.

"Bàbá Wahab, ṣé ẹ ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa sọ ọ́?"

"Rárá," Suara ní. "Eléyìí ò sí lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀."

Fàúsát wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dé Agége. Fàúsát dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bojú nítorí ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ náà. Ó ní, "Haà." Ó wo igun búlúù. Ó wo gọ́tà. Kò béèrè. Ó ní kí wọ́n lọ pe àwọn obìnrin tó ń bó obì wá, ó jókòó láàárín funfun náà, ó da apẹ̀rẹ̀ tí Suara ṣà nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú irin tó lọ ní ọjọ́ kejì, Màláàmù Tanko ti ra ohun tó wá rà.

Ilẹ̀ ló wá kù. Fàúsát ní kí wọ́n má da omi obì nù sí ibòmíràn mọ́, orí sìmẹ́ńtì ni kí wọ́n máa dà á sí. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n ń ru èèpo obì wá láti ilé wọn. Ọlọ́runníyì fúnra rẹ̀ gba orí ògiri wá pẹ̀lú korobá omi obì kan, ó ń wọ́n ọn káàkiri bí ẹni ń wọ́n omi àdúrà.

"Alàgbà, ẹ rọra," Suara ní. "Ẹ fi díẹ̀ pa mọ́."

"Ẹ fi mí sílẹ̀," Ọlọ́runníyì ní. "Èmi mọ bí eléyìí ṣe ń lẹ̀."

Kí ọdún tó yí po, ilẹ̀ ti pọ́n. Lọ́dún kejì, ó dúdú, àwọn tó ń sọ̀ ní tésàn sì ń yà wọlé láìbéèrè. Adìyẹ Fàúsát ti ń yé ẹyin sínú ẹ̀rọ náà lábẹ́ òrùlé. Suara ní ohun tí òun rà á fún gan-an nìyẹn.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, ohun aláwọ̀ ewé náà tún hù lẹ́bàá ògiri. Suara dìde láti lọ lé àwọn adìyẹ kúrò nínú ẹ̀rọ. Fàúsát ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó da yanrìn sílẹ̀, ó fún ọkọ rẹ̀ ní èèpo àgbọn. "Èyí tó ń yọ̀ nìkan ni kí ẹ fọ̀," ó ní. "Ẹ fi dúdú sílẹ̀." Suara kúnlẹ̀. Yanrìn àti èèpo àgbọn kó ohun tó ń yọ̀ lọ, dúdú kò sì kúrò.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é ní gbogbo ìgbà òjò títí tó fi kú. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ṣe é. Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, àwa tó ń kọjá máa ń rí i lórí eékún lẹ́bàá ògiri, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó ń fọ ọ̀nà tóóró kan láti ẹnu ọ̀nà yàrá títí dé ibi tí apẹ̀rẹ̀ wà. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ obìnrin kan péré ni ọ̀nà náà fẹ̀ mọ.

"Bàbá Wahab, ilẹ̀ lẹ tún ń fọ̀?" Ọlọ́runníyì á ké sí i látorí ògiri.

"Rárá. Abẹ́rẹ́ ni mò ń wá."

"Ẹ ò tíì rí i láti èṣí?"

"Abẹ́rẹ́ kékeré ni."

Nígbà tó bá fọ̀ ọ́ tán, yóò kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti òpin dé òpin. Yóò wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, yóò pe ìyàwó rẹ̀. Fàúsát á jáde pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lérí, kò ní wo ilẹ̀, á máa bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ bọ̀. Suara ní tirẹ̀ kò ní wo ibòmíràn. Ẹsẹ̀ Fàúsát ni yóò máa wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí tí yóò fi dé òdìkejì, tí yóò sì sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà náà ni Suara yóò tó dìde. Á gbọn yanrìn kúrò lórúnkún, á wẹ ọwọ́, á sì jáde lọ.